Ta Ni Ó Ni Ìrìn-Àjò?

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ máa ń dì mú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mú ọ̀dọ́ rin ìrìn-àjò lọ sí ìlú òkèèrè. Òtítọ́ ni òwe náà sọ, ẹnikẹ́ni kò lè jà á níyàn. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò yan oko tí a ó lọ wò, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tí yóò pinnu bóyá ebè iṣu ni a ó kọ́kọ́ wò tàbí odò tí ó ń ṣàn lẹ́yìn oko. Ibi tí òwe náà dákẹ́ sí ni mo fẹ́ kí àwa olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú wa.

Ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí sí mi lọ́kàn ni ìwé tí àbúrò mi kan kọ sí mi láti ìlú Lọ́ńdọ̀n, níbi tí ó ti ń gbé láti ọdún pípẹ́. Ó fẹ́ mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 15, lọ sí ìlú Amsterdam ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì fún ọjọ́ mẹ́ta péré, nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí ìyá ọmọ náà lè bá wọn lọ. Ìrìn-àjò náà kò ṣòro: láti ọdún 2018 ni ọkọ̀ ojú irin ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí lọ tààrà láti Lọ́ńdọ̀n sí Amsterdam, tí ó ń gba abẹ́ òkun kọjá, tí ó sì ń débẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Bàbá yìí jókòó, ó kọ ètò ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ ètò ẹ̀kọ́ kọ́ ara ògiri kíláàsì. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọn yóò jáde. Wọn yóò wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí à ń pè ní Rijksmuseum, níbi tí àwòrán olókìkí tí Rembrandt yà ní ọdún 1642 wà. Wọn yóò wo ààfin tí ó wà ní gbàgede Dam, tí a kọ́ lé orí òpó igi 13,659 tí a rì mọ́ inú ẹrẹ̀. Wọn yóò wo ilé tí Anne Frank fara pamọ́ sí. Wọn yóò wo ilé tí àwọn oníṣòwò West India ti máa ń ṣe ìpàdé, àti ère ìrántí òwò ẹrú tí ó wà nínú ọgbà Oosterpark. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ ọmọ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ó kà á tán, ọmọ náà béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀: “Dádì, ẹ jọ̀wọ́, ibo ni èmi wà nínú ìwé yìí?”

Inú bí bàbá. Ó ní òun ni òun sanwó, òun ni òun mọ ohun tí ó yẹ kí ọmọ adúláwọ̀ mọ̀ nípa ìlú náà, kí ọmọ má sì sọ ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ di eré. Ọmọ náà ní òun kò kọ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ sùn títí di aago mẹ́sàn-án, òun fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé ènìyàn sọdá lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́, òun fẹ́ lọ sí ọjà Waterlooplein níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù, òun sì fẹ́ jókòó létí omi kí òun jẹ pòtétò díndín láìsí ẹni tí yóò máa wo aago. Ní ti ilé Anne Frank, ó ní òun kò fẹ́ wọ̀ ọ́ rárá, nítorí òun kò fẹ́ sunkún nígbà ìsinmi. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ilé sì dàrú. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ni àbúrò mi kọ, “olùkọ́ ni yín, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí.”

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ti ń kà á, mo rí i pé ẹjọ́ náà ju ti ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé: nígbà tí àgbà bá ń tọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọdé mọ́, tí kò sì tíì di àgbà, mélòó nínú ìpinnu ni ó tọ́ kí àgbà dì mọ́wọ́, mélòó ni ó sì tọ́ kí ó fi sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti bàbá, nítorí ẹjọ́ rẹ̀ kò ṣófo. Ìlú Amsterdam rẹwà. Àwọn odò tí a fi ọwọ́ gbẹ́ yí i ká, ilé àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ sì tò létí omi bí ọmọ ilé-ìwé tí ó tò sórí ìlà. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ tí a fi kọ́ díẹ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí ní ìtàn tí ó kan àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1621 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò West India sílẹ̀. Ní ọdún 1637 ni wọ́n gba odi Elmina, tí ó wà ní ilẹ̀ Gánà òde òní, lọ́wọ́ àwọn Potogí, odi náà kò sì kúrò lọ́wọ́ àwọn ará Nẹ́dálándì títí di ọdún 1872. Inú odi yẹn ni a ti kó àìmọye ènìyàn wa wọ ọkọ̀ lọ sí oko ẹrú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021, olórí ìlú Amsterdam tọrọ àforíjì fún ipa tí ìlú náà kó nínú òwò ẹrú. Ní irú ọjọ́ kan náà ní ọdún 2023, Ọba Willem-Alexander fúnra rẹ̀ dúró ní ọgbà Oosterpark, ó sì tọrọ àforíjì. Bí ọba bá lè dúró síbẹ̀ láti rántí, ṣé ó burú kí bàbá tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú? Ohun tí àgbà bá jókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Bàbá yìí ń bẹ̀rù pé ọmọ òun yóò gba iwájú ilé tí a fi ẹ̀jẹ̀ kọ́ kọjá láìmọ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi ìbẹ̀rù yìí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a tún gbọ́ ti ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò yára sọ pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ayé òde òní ti bà á jẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sí i, ọmọ yìí yóò pé ọdún 18. Òfin ìlú tí ó ń gbé yóò kà á sí àgbà, yóò lè di àpò tirẹ̀, kí ó sì lọ sí ibi tí ó wù ú. Níbo ni yóò ti kọ́ bí a ti ń yan ọ̀nà, bí a kò bá jẹ́ kí ó yan ohunkóhun nígbà tí a ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó yàn rí, ọjọ́ tí ó bá ní àǹfààní àtiyàn, ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé e lọ ni yóò dé. Ó sàn kí ó ṣì í yàn lójú wa, lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọjà, ju kí ó ṣì í yàn lẹ́yìn wa, lórí ọ̀rọ̀ tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo àwa tí a ti dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé mọ̀ pé ohun tí a fi ipá mú ojú wò, ọkàn kì í rí i. A ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó da gbogbo ọ̀rọ̀ ara pátákó kọ láìku ẹyọ kan, tí kò sì mọ ohun tí ó kọ. Ẹsẹ̀ ọmọ lè rìn káàkiri inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wákàtí mẹ́ta, kí ó má rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ lọ. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tí ó rù kí ó sanra. A kò sì lè fi ọjọ́ mẹ́ta da gbogbo ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù sí ọmọ lórí.

Ọ̀nà méjì ni ó wà tí ènìyàn lè gbà sá fún ẹjọ́ yìí, méjèèjì kò sì dára. Àkọ́kọ́ ni kí bàbá binu sílẹ̀, kí ó ní, “Ó dára, ṣe é bí ó ti wù ọ́.” Ọ̀pọ̀ a máa pe èyí ní òmìnira, ṣùgbọ́n ìkọ̀sílẹ̀ ni. Àgbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ti bọ́ ẹrù rẹ̀ lé orí ọmọ, nítorí pé ọmọ kò gbà kí ó rù ú bí ó ti fẹ́. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n pín in ní ìdajì-ìdajì bí àwọn tí ń ná ọjà: wákàtí kan fún bàbá, wákàtí kan fún ọmọ. Èyí jọ òdodo lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdodo, nítorí pé gbogbo ohun tí ó wà nínú ìrìn-àjò kì í ṣe irú kan náà. A kò lè fi ìṣọ́ra lójú pópó ṣe pàṣípààrọ̀ oorun òwúrọ̀.

Ní tèmi, mo rí i pé apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni ó yẹ kí a pín ọ̀rọ̀ náà sí. Apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti àgbà, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ ni owó wà, àti ààbò, àti òfin. Nígbà tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá ń bá òbí kan ṣoṣo rìn, àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Nẹ́dálándì lè béèrè ìwé tí òbí kejì fi fọwọ́ sí ìrìn-àjò náà. Iṣẹ́ bàbá ni láti gba ìwé yìí lọ́wọ́ ìyá kí wọ́n tó kúrò nílé. Kẹ̀kẹ́ pọ̀ ní Amsterdam bí omi, wọ́n ní ọ̀nà tiwọn, àlejò tí ó bá sì ṣèèṣì dúró sójú ọ̀nà náà lè fara pa. Iṣẹ́ bàbá ni láti kìlọ̀. Àwọn ilé kan wà níbẹ̀ tí a ti ń ta igbó ní gbangba, tí òfin kò sì gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 wọ̀. Lórí èyí, kò sí àríyànjiyàn. Ọmọ kì í kórìíra àgbà nítorí irú àṣẹ yìí, bí àgbà kò bá sọ gbogbo nǹkan di àṣẹ.

Apẹ̀rẹ̀ kejì jẹ́ ti ọmọ. Inú rẹ̀ ni ohun tí yóò jẹ wà, àti wákàtí tí yóò jí, bí kò bá ti pa ọkọ̀ lára, àti ọjọ́ kan odindi nínú mẹ́ta tí òun yóò jẹ́ atọ́nà, tí bàbá yóò sì tẹ̀ lé e láìráhùn. Mo tẹnu mọ́ àìráhùn, nítorí àgbà tí ó gbà lẹ́nu tí ó sì ń pòṣé lójú ọ̀nà, kò fi nǹkan kan sílẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ kẹta ni ó ṣòro, òun ni ó jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà, àti ìtàn, àti ìrántí. Níhìn-ín, àgbà ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, láti ké sí ọmọ, àti láti sọ ìdí tí ohun kan fi ṣe iyebíye lójú rẹ̀. Ọmọ náà ní ojúṣe láti gbọ́ ọ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àgbà bá ti sọ tán, kò ní agbára láti ṣí ilẹ̀kùn ọkàn ọmọ láti òde. Inú ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ẹnì kan lè béèrè pé, “Ṣé a ó wá jẹ́ kí ọmọ fò ìtàn ìrora dá nítorí pé kò fẹ́ sunkún? Àwọn tí ó kú ńkọ́? Ṣé wọn kò ní ẹ̀tọ́ lára wa?” Ìbéèrè ńlá ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ìtàn ilé tí wọ́n ń jà lé lórí gan-an ni ó ní ìdáhùn nínú.

Ní ọdún 1942 ni Anne Frank, ọmọ Júù tí a bí ní ilẹ̀ Jámánì, gba ìwé ìrántí kan ní ẹ̀bùn nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 13. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún náà ni àwọn ẹbí rẹ̀ sá pamọ́ fún àwọn Násì sí ẹ̀yìn ilé ìṣòwò bàbá rẹ̀ ní òpópó Prinsengracht. Ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n jọ wà níbẹ̀ fún ọdún méjì ó lé, títí a fi mú wọn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1944. Ọmọ náà kú ní àgọ́ Bergen-Belsen ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, ní ọmọ ọdún 15. Bàbá rẹ̀, Otto Frank, nìkan ni ó yè nínú àwọn mẹ́jọ. Nígbà tí a fi ìwé tí ọmọ náà kọ lé e lọ́wọ́, tí ó sì kà á, ẹnu yà á. Nínú ìwé náà, léraléra ni ọmọ náà kọ ọ́ pé àwọn àgbà ilé ń bá òun wí, wọn kò sì gbọ́ òun yé. Nígbà tí Otto Frank ti darúgbó, ó sọ gbangba pé òun àti ọmọ òun mọwọ́ ara wọn dáadáa, síbẹ̀ òun kò mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀. Ó sì fi kún un pé ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ ọmọ wọn ní òtítọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rò ó wò. Bí a bá wọ́ ọmọ ọdún 15 tí kò fẹ́ lọ wọ inú ilé yẹn, tí a kò sì gbọ́ ohun tí ó ń sọ, kí ni a wọ ilé náà lọ kọ́? A ó ti sọ ìrántí ọmọ tí àgbà kò gbọ́ di pàṣán tí a fi ń na ọmọ mìíràn tí àgbà kò gbọ́. Àwọn òkú ní ẹ̀tọ́ lára wa, òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà ni pé kí a fi ọkàn rántí wọn, kì í ṣe pé kí a ti ènìyàn gba iwájú àwòrán wọn kọjá.

Báyìí ni mo ṣe dá àbúrò mi lóhùn. Mo ní kí ó sọ ìdí tí ó fi fẹ́ wọ ilé náà fún ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní pẹ̀lẹ́, kí ó sì dákẹ́. Mo ní kí ó mú ibi kan ṣoṣo lára ibi tí ó ṣe iyebíye jù lójú rẹ̀, kí ó bẹ ọmọ náà pé kí ó bá òun dé ibẹ̀. Ó mú ère ìrántí Oosterpark. Ọmọ náà gbà, ṣùgbọ́n kò gbà láti wọ ilé Anne Frank. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni a ti ń ra ìwé ìwọlé ilé náà, ọjọ́ Tuesday sì ni wọ́n máa ń tà á, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó wà níwájú. Bàbá jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá láìrà á. Ó kọ̀wé sí mi pé ó dun òun.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé Amsterdam ni ọmọ náà jẹ́ atọ́nà. Wọ́n jí pẹ́, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì lọ sí ọjà Waterlooplein. Kò mọ̀ nígbà tí ó yan ọjà yìí pé àárín àdúgbò àwọn Júù ni ó wà kí ogun tó dé. Bí wọ́n ti kúrò lọ́jà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n dé òpópó Weesperstraat, wọ́n sì bá ara wọn láàárín àwọn ògiri bíríkì tí a ṣí aṣọ lójú wọn ní ọdún 2021. Bíríkì tí ó lé ní 102,000 ni ó wà níbẹ̀. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a kọ orúkọ ẹnì kan tí a kó láti ilẹ̀ Nẹ́dálándì lọ pa sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a bí i àti iye ọdún tí ó lò láyé. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ọmọ náà fi ìka tọ àwọn orúkọ, ó ń wá àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Kò pẹ́ tí ó fi rí ọ̀kan, ó tún rí òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó bi bàbá rẹ̀ pé, “Ṣé irú èyí wà fún àwọn tí wọ́n kó láti Elmina? Ṣé a mọ orúkọ wọn?” Bàbá ní rárá, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni a kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n dé Oosterpark, ọmọ náà ni ó ń rìn níwájú.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ó béèrè bóyá wọ́n ṣì lè wọ ilé Anne Frank. Kò ṣe é ṣe mọ́. Ìwé ìwọlé ti tán. N kò fẹ́ fi èyí pamọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí ẹni tí ó bá sọ pé òmìnira kò ní iye tí à ń rà á, irọ́ ni ó ń pa. Bí àwọn ògiri yẹn kò bá sí lójú ọ̀nà wọn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà padà sílé láìrí nǹkan kan ju aṣọ àlòkù lọ. Síbẹ̀ èmi ìbá dá ẹjọ́ náà bí mo ti dá a. Ọmọ tí ó pàdánù ilé kan nítorí ìpinnu tirẹ̀, tí ó sì dùn ún, ti kọ́ nǹkan nípa ìpinnu tí ẹni tí a wọ́ wọlé kò lè kọ́. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, ọmọ náà sì ti mọ̀nà.

Nítorí náà, bí a bá bi mí pé ta ni ó ni ìrìn-àjò, ìdáhùn mi ni pé: ẹni tí ó sanwó ni ó ni àlọ àti àbọ̀, òun ni a ó bi bí ọmọ bá sọnù, ṣùgbọ́n ohun tí ojú bá rí lọ́nà, ẹni tí ó ni ojú ni ó ni ín. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lórí tábìlì ilé, níbi tí a ti ń kọ ètò ìrìn-àjò, ni a ti ń mọ̀ bóyá ènìyàn méjì ni yóò rìn tàbí ènìyàn kan àti ẹrù rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní mú akẹ́kọ̀ọ́ dé Amsterdam láé. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni à ń kọ ètò ẹ̀kọ́, tí a ń kọ́ ọ kọ́ ara ògiri, tí a sì ń fi ọmọ ogójì tàbí àádọ́ta wọ ọkọ̀ kan náà. Ó dára kí a kọ ọ́. Àgbà tí kò kọ ètò sílẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó kàn án mọ́ ògiri, ẹ jẹ́ kí a fi í han ẹni tí ó kéré jù nínú kíláàsì, kí a sì mú sùúrù dúró, bí ó bá fẹ́ béèrè ibi tí òun wà nínú rẹ̀.